Bíntù Gbé Kẹ́hìndé Lọ sí Jídà

Ẹ ti ń sọ ọ́ kiri. Mo gbọ́ ọ létí kànga, mo gbọ́ ọ lọ́jà Ikpinlè, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan tí ìyá mi fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ̀bí fún. Pé Bíntù, ìyá mi, ìyá Alàájì Kàsímù, gbẹ́ ère ọmọ tó wà láàyè. Pé àjẹ́ ni. Pé òun ló ti ọkọ̀ ọmọ ẹ̀ ṣubú lọ́nà Sakété. Lásìkò rẹfolúsọ̀n tá a wà yìí, tí ìjọba sójà ń mú àwọn tí wọ́n bá pè ní àjẹ́, tí ọ̀rọ̀ àjẹ́ wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi ìyá arúgbó ṣe. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó ti kú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó dáa. Ó gbẹ́ ère náà. Èmi ni mo tẹ̀lé e lọ Massè lọ́jọ́ tó lọ bá agbẹ́gi sọ̀rọ̀. Mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn, kó mú un lórí, kó má mú un nírù.

Ìdòwú lorúkọ mi. Fàtímátù ni wọ́n sọ mí ní mọ́sálásí, àmọ́ Ìdòwú ni tilé, torí ẹ̀hìn ìbejì ni wọ́n bí mi sí. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń pe Ìdòwú: Èṣù lẹ́hìn ìbejì. Mi ò wọ ilé ìwé rí. Ẹ̀hìn fèrèsé ilé ìwé ni mo ti ń ta àkàrà, ibẹ̀ ni mo ti mọ ìwé kíkà, mò ń gbọ́ ohun tí tíṣà ń kọ́ ọmọ olówó, mò ń fi ìka kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tí èéfín ti dú. Ẹnu mi yìí náà, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ jókòó.

Ìyá mi kì í ṣe èèyàn ńlá. Ó ń gbin ẹ̀gẹ́ lóko Kpoulou, ó ń yan gàrí, ó ń fọ́ ekuro. Bàbá mi ń ránṣọ. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, ìrun márùn-ún wọn pé lójoojúmọ́. Oyún tí ìyá mi kọ́kọ́ ní, ìbejì ló fi bí, ọkùnrin méjèèjì. Kàsímù ni Táyé. Kẹ́hìndé ò pẹ́. Eyín ẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà tí ibà gbé e lọ.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa pé ìbejì kì í dá rìn. Tí ọ̀kan bá lọ, wọn a gbẹ́ ère ẹ̀, kí èyí tó kù má bàa tọ ẹnìkejì ẹ̀ lẹ́hìn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe gbéra, ó lọ Massè, Ògúnjọbí agbẹ́gi fi igi ìrẹ̀ gbẹ́ Kẹ́hìndé fún un, gíga ẹ̀ kò ju láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Láti ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n bá rà fún Táyé, wọ́n á rà á fún Kẹ́hìndé. Bàbá mi bá rán ẹ̀wù fún Kàsímù, èyí tó kù nínú aṣọ náà, yóò fi rán ti Kẹ́hìndé. Lọ́jọ́ ẹ̀wà, abọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n mú Kàsímù lọ ilé kéwú, bàbá mi gé wàláà kékeré kan bí àtẹ́lẹwọ́ fún Kẹ́hìndé. Àfáà rí i, kò bínú. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Èyí nìkan ni kì í gbàgbé ohun tí mo bá kọ́ ọ."

Kàsímù fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ẹ bi mí. Mi ò tíì gbọ́n, àmọ́ mo rántí. Kò jẹ́ sùn láìgbé Kẹ́hìndé mọ́ra. Á bu àkàrà sí méjì, á gbé ìdajì sẹ́nu igi, á dúró díẹ̀, á ní, "Ìyá, Kẹ́hìndé ti yó," á wá gbé ìdajì náà mì. Ìyá mi á ní, "Kẹ́hìndé yìí kì í kúkú jẹun púpọ̀." Kàsímù á ní, "Èmi ni mò ń bá a jẹ ẹ́ kó má bàa ṣòfò." Ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rèé. Ẹ má gbàgbé ọmọ yẹn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Kàsímù dàgbà. Bàbá wa kú. Òmìnira dé, ìjọba ń yí, sójà ń wọlé, sójà ń jáde, ekuro ò yẹ̀. Kàsímù ń rà á lóko, ó ń kó o lọ Àjàṣẹ́, títí tó fi ra kámíọ̀ tiẹ̀, ọkọ̀ ńlá tó ń kó ẹrù. Ọdún keje òmìnira, ó pe gbogbo ilé jọ, ó ní òun fẹ́ kó wa lọ Mẹ́kà. Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo wa. Òun, Àdùnní, ìyàwó ẹ̀, ìyá mi, èmi, kí n máa di ìyá mi lọ́wọ́ mú, àti Bàbá Abọ́dúndé, àbúrò bàbá wa. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí nílé wa. Ẹ wò ó, mi ò gba ìyẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Wọ́n ní obìnrin kì í dá lọ sí ilẹ̀ yẹn. Ó gbọ́dọ̀ ní ọkùnrin kan nínú ẹbí, irú èyí tí ò lè fẹ́ ẹ, tó máa dúró fún un. Ti ìyá mi, Kàsímù ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Ó ku ọjọ́ mélòó kan ká lọ, mo bá ìyá mi nínú yàrá. Ó ti ra aṣọ funfun tí Kàsímù máa fi ṣe iṣẹ́ Haji, ó gé etí ẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán ẹ̀wù kan tí ò ju ọwọ́ mi lọ.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Táyé ń lọ Mẹ́kà."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n wá fi Kẹ́hìndé nìkan sílé? Kó jí, kó wá ẹnìkejì ẹ̀ tì? Kó gbéra, kó máa wá a lójú òfurufú?" Ó gé òwú náà pẹ̀lú eyín. "Táyé náà á wá ṣàìsàn lọ́nà, ẹ ó ní kí ló dé."

Mo gbọ́, mo panu mọ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ìdòwú tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu ẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó dákẹ́. Mo rò ó lọ́kàn pé ère kékeré ni, ta ló máa rí i? Ìyá mi fi osùn pa á lára, ó wọ̀ ọ́ lẹ́wù funfun náà, ó sì rì í sínú àpò gàrí, kó má bàa máa fara gbá kiri.

A wọ ọkọ̀ òfurufú ní Kútọnu pẹ̀lú àwọn ará Pobè àti ará Sakété. Mi ò ní sọ ti òfurufú fún yín, ojú mi wà ní dídì. Bàbá Abọ́dúndé ló ń wo ìta. Ó ní ìkùukùu dà bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Mo ní kó má sọ fún mi.

A dé Jídà ní ọ̀sán. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, ooru sì gbá wa lójú bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ orí ba agbada gàrí. Ìyá mi dúró lórí àtẹ̀gùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìdòwú, igi dà?"

"Kò sígi, Ìyá."

"Kò sí rárá?"

"Ọ̀kan wà lọ́hùn-ún."

Ọ̀pẹ àwọn Lárúbáwá ni, ó ga, ó tín-ín-rín, orí ẹ̀ dà bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Bàbá Abọ́dúndé, tó dá ẹmu ní Massè fún ogún ọdún kó tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run, dúró wò ó.

"Ta ló ń gun èyí?"

Àdùnní ní, "Bàbá, Jídà la wà o. Ẹ fi ẹmu sílẹ̀."

"Ta ló dárúkọ ẹmu? Mo ní ta ló ń gùn ún ni. Kò níbi tí èèyàn máa fẹsẹ̀ kọ́."

Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra á lọ́wọ́, bó ṣe máa ń ṣe lóko Kpoulou tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ gba ẹ̀gẹ́. "Ọlọ́run ò kúkú wá ilẹ̀ ọlọ́ràá kó tó yan tiẹ̀," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa, torí mi ò tún rí irú ẹ̀ mọ́.

Èèyàn! Mo ti rò pé àwa, àwọn Gùn, àwọn Fọ̀n, àti òyìnbó díẹ̀, ayé ti tán. Mo rí àwọn tó pupa bí epo. Mo rí àwọn tó dúdú jù wá lọ. Mo rí obìnrin kan tí ojú ẹ̀ tín-ín-rín bí ẹni tó ń wo oòrùn, ó fún mi lómi nínú ife ẹ̀, kò gbọ́ èdè mi, mi ò gbọ́ èdè ẹ̀, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Inú ẹ̀ ń dùn. "A dé," ló ń wí. "A dé o. Gbogbo wa." Èmi nìkan ni mo mọ iye ẹni tó ń kà.

Wọ́n kó wa wọ ilé gígùn kan tí wọ́n ti ń tú ẹrù wò. Tábìlì ní iwájú, dúánì wọn, àwọn aṣọ́bodè oníbọn, lẹ́hìn tábìlì. Ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀ tó ti ń gbé Jídà láti ọjọ́ pípẹ́, Àbúdùlàhí lorúkọ ẹ̀, òun ló ń túmọ̀ fún wa. Aláwàdà ni. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Dàhòmì, ẹ̀ ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀."

Bàbá Abọ́dúndé ní, "Ìwọ, bí ẹni tó ti gbé e mì láìjẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Inú gbogbo wa dùn.

Kàsímù ló ṣíwájú. Wọ́n ṣí àpótí ẹ̀, wọ́n pa á dé. Wọ́n ṣí ti Àdùnní, wọ́n pa á dé. Ó kan ìyá mi. Ọ̀dọ́ ni dúánì náà, irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì kún. Ó rí gàrí, ó bu díẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀. Àbúdùlàhí ṣàlàyé fún un pé oúnjẹ wa ni. Ó ti fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó kàn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó fà á jáde.

Orí ló fi mú un. Gàrí ń dà lójú Kẹ́hìndé sórí tábìlì. Ẹ̀wù funfun kékeré náà wà lọ́rùn ẹ̀, ó wọṣọ bí gbogbo wa ṣe wọṣọ.

Dúánì náà béèrè nǹkan. Àbúdùlàhí ò kọ́kọ́ túmọ̀ ẹ̀. Ó mọ ohun tó ń wò. Ta ni Yorùbá tí ò mọ̀ ọ́n? Ó rẹ ohùn sílẹ̀, kò wo ojú ìyá mi.

"Ìyá, ó ní kí nìyí. Ẹ ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ẹ ní ọmọ-ọmọ yín ló tì í sínú ẹrù yín. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kíákíá."

"Ṣé ó gbọ́ Yorùbá ni?"

"Kò gbọ́. Ẹ ṣáà sọ ọ́, kí n rí nǹkan túmọ̀."

"Tí kò bá gbọ́, ṣebí o lè sọ ohun tó wù ẹ́ fún un."

"Ó ń wo ẹnu yín, Ìyá! Ẹ sọ ọ́."

Ìyá mi mi orí. "Kẹ́hìndé gbọ́ Yorùbá," ló wí.

Ó wá na ọwọ́, ó gbọn gàrí kúrò lójú ẹ̀. "Sọ fún un pé ọmọ mi ni. Ó kú ní kékeré. Sọ pé mi ò bọ ọ́, Ọlọ́run nìkan ni mò ń sìn. Ọmọ ni, mo kàn mú ọmọ wá ni. Ẹnìkejì ẹ̀ ló dúró yẹn." Ó nàka sí Kàsímù.

Mi ò mọ iye tí Àbúdùlàhí túmọ̀ nínú ẹ̀. Mo rí i tí dúánì náà gbójú sókè, tó wo Kàsímù. Ó béèrè. Àbúdùlàhí yíjú, ó ní, "Ó ní ṣé ìyá yín ni. Ó ní ṣé ẹ̀yin lẹ mú un wá, ṣé ẹ̀yin lẹ dúró fún un."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Òógùn ń ṣàn láti iwájú orí ẹ̀ dé àgbọ̀n. Ẹ̀hìn ẹ̀ ni àwọn ará Pobè àti Sakété wà, gbogbo wọn ń wò ó. Ó wo ìyá mi. Ó wo Kẹ́hìndé tó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Òun kan náà ni ọmọ tó ń bu àkàrà fún un.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Àbúdùlàhí ní, "Kí lẹ wí?"

"Mo ní mi ò mọ obìnrin yìí. Ìlú kan la ti wá ni."

Ìyá mi gbọ́ ọ. Kò pariwo. Kò bú u. Ó yíjú sí Àbúdùlàhí bí ẹni tó fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ tì í. "Bó ti wí ni. Kò mọ̀ mí. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Kàsímù gbé àpótí ẹ̀. Àdùnní gbé tiẹ̀, orí ẹ̀ wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ahọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Mo pariwo, "Táyé! Táyé!" Kò bojú wẹ̀hìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ni mò ń rí, ó ń tẹ ilẹ̀, ó ń gbé e.

Ẹ̀rù ló bà á. Mo mọ̀. Mo ti rò ó yíká fún ọdún méje, ẹ̀rù ni. Ṣé ẹ̀rù ò ba ìyá mi ni? Obìnrin tí ò kọjá Àjàṣẹ́ rí láyé ẹ̀, tó dúró níwájú àwọn oníbọn, wọ́n ní kó sẹ́ igi, kó lè kọjá, kò sẹ́ ẹ. Ọmọ tó ti kú, kò sẹ́ ẹ. Èyí tó wà láàyè ló sẹ́ òun.

Bàbá Abọ́dúndé ló bọ́ síwájú. Ó gbé etí aṣọ funfun ẹ̀ sórí èjìká. "Àbúrò mi ni. Ọmú kan la jọ mu. Èmi ni mo mú un wá, òun àti ọmọ ẹ̀ yìí." Irọ́ gbuu. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni ìyá mi. Irọ́ nínú aṣọ funfun, ní ẹnu ọ̀nà Mẹ́kà. Ọlọ́run á forí jì í. Bí kò bá forí jì í, èmi á bá a sọ ọ́.

Wọ́n fi wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ìrun àsárì fi kọjá. Wọ́n pe ọ̀gá kan, ọ̀gá náà pe òmíràn. Ìgbẹ̀hìn, wọ́n ní ká máa lọ, àmọ́ igi náà ò níí kọjá. Ìyá mi ní kí Àbúdùlàhí bá òun bẹ̀ wọ́n, ẹ̀wù nìkan ni òun fẹ́. Ọ̀dọ́ náà bọ́ ọ lọ́rùn Kẹ́hìndé. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ká a dáadáa kó tó fi í lé ìyá mi lọ́wọ́, ó ká a bí ẹni tó lọ́mọ nílé. Lẹ́hìn náà ló ju igi náà sábẹ́ tábìlì. Orí ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Mo gbọ́ ìró ẹ̀. Ìyá mi náà gbọ́ ọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, Kàsímù wá bá wa níbi tí wọ́n kó wa sí. Ó mú omi wá, ó mú dàbínù wá. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá, wọn ì bá dá gbogbo wa padà. Torí gbogbo wa ni mo ṣe ṣe é. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan yẹn wá, ẹ mọ̀ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e wá."

Ìyá mi gba omi náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ ṣeun, bàbá," ló wí. "Ọlọ́run á bá yín tọ́jú ìyá yín."

Kàsímù rò pé ìbínú ni, pé á lọ. Èmi tí mo jókòó tì í mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sí àlejò tó ṣe wá lóore ló ṣe sọ ọ́.

Kó sì yé ẹ̀yin tó ń pè é ní àjẹ́. Ọjọ́ Àráfà, èmi ni mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó so ẹ̀wù kékeré náà mọ́ etí ìró ẹ̀. Oòrùn ń jó wa lórí, èèyàn ń ṣubú. Mo gbọ́ àdúrà ẹ̀ létí mi méjèèjì. Ó ní, "Ọlọ́run, Kàsímù, jẹ́ kó pẹ́ láyé. Jẹ́ kó fọwọ́ pewú, kó fèrìgì jobì." Ó tún un sọ títí ohùn ẹ̀ fi há. Ẹni tó fẹ́ pa ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ẹ dá mi lóhùn.

A padà sílé. Ẹ rántí, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ jẹ ẹran. Kàsímù wé láwàní, ó pa àgbò, ó ní ooru ló mú ìyá òun ní Jídà, ìdí nìyẹn tó fi rù. Wọ́n ń kí i, "Alàájì! Alàájì!" Ó wọlé wá kí ìyá mi ní yàrá ẹ̀ pẹ̀lú èrò lẹ́hìn. Ìyá mi dìde lórí ẹní, ó kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ káàbọ̀, Alàájì. Ilé ńkọ́?"

Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Kàsímù fò sẹ́hìn bí ẹni tó tẹ iná. "Ìyá! Ẹ dìde! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, èèyàn ń wò wá!" Ìyá mi ò dìde títí ó fi jáde. Ọjọ́ náà lẹ kọ́kọ́ ní orí ẹ̀ ti dàrú. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó dà á rú.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó ní kí n bá òun lọ Massè. A gba ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín àgbàdo, ó gbé àkùkọ kan dání. Ògúnjọbí ti darúgbó, àmọ́ ó ṣì ń gbẹ́gi, abẹ́ igi máńgòrò la bá a.

"Bíntù! Mẹ́kà ti rí?"

"Ó gbóná."

"Wọ́n ní Alàájà là ń pè ọ́ báyìí."

"Bíntù ni mò ń jẹ́."

"Kẹ́hìndé ńkọ́?"

"Ó sọnù lọ́nà."

Baba náà gbọn ẹ̀là igi kúrò lórí itan ẹ̀. "Kò burú. N ó gbẹ́ òmíràn."

"Méjì."

"Méjì kẹ̀?"

"Táyé àti Kẹ́hìndé."

Ó fi àáké kékeré ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Bíntù, mo rí Kàsímù lọ́jà tó kọjá yìí. Mo jẹ nínú àgbò ẹ̀, eyín ṣì ń dùn mí."

"Alàájì nìyẹn. Alàájì wà, kó máa wà. Kò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan tó máa ń bu àkàrà fún ẹnìkejì ẹ̀ ni mò ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Òun ni mo fẹ́ kí o gbẹ́."

"Ọwọ́ mi ò lè gbẹ́ alààyè. Èèwọ̀ ni."

"Alààyè?" Ohùn ìyá mi ò ga. "Tó bá wà láàyè, fi ibi tó wà hàn mí. Kí n lọ bá a. Mo ti wá a dé Jídà, mi ò rí i."

Ògúnjọbí wò mí. Ó wo àkùkọ náà, ó tún wo ìyá mi, ó sì na ọwọ́ mú igi.

Ó kù díẹ̀ ká lọ, ìyá mi padà. Ó ní kó fi àpá tín-ín-rín kan sí òkè ojú òsì ọ̀kan, níbi tí ọmọ náà ti ṣèṣe nígbà tó já lulẹ̀ lórí igi lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Àpá náà wà lójú Kàsímù dòní. Ẹ lọ wò ó.

Láti ìgbà náà, ojú ìyá mi padà rọlẹ̀. Ó rán ẹ̀wù funfun kejì, ó fi èyí tó ti Jídà dé wọ Kẹ́hìndé. Lọ́jọ́ ẹ̀wà, abọ́ méjì. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, níbi orí ẹní ẹ̀ tí aṣọ bò, kò sẹ́ni tó mọ̀ àfèmi. Nígbà tí kámíọ̀ Kàsímù ṣubú lọ́nà Sakété, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, ìyá mi ló ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un ní àárọ̀, tó ń kúnlẹ̀, tó ń ní, "Ẹ kú ìrora, Alàájì, Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà." Oṣù méjì. Àgbà obìnrin, láti ilé ẹ̀ dé ilé Kàsímù, pẹ̀lú ọbẹ̀ lórí. Ìyẹn ni àjẹ́ yín.

Ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀lé e ni ìyá mi kú. Àwọn obìnrin tó wá wẹ̀ ẹ́ ló rí àwọn ère náà. Wọ́n rí méjì, wọ́n ka ọmọ, wọ́n rí òkú kan. Ẹnu bá bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ, lẹ́hìn tí wọ́n ti ṣàdúrà tán, tí èrò ti lọ, Kàsímù wá bá mi. Òun nìkan, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìdòwú, wọ́n ní wọ́n rí nǹkan."

Mo ṣí aṣọ kúrò lórí wọn. Wọ́n dúró pọ̀, wọ́n pupa fún osùn, ẹ̀wù wọn funfun. Mo rò pé á bínú, á ní kí n kó wọn dà sínú ṣáláńgá. Kò bínú. Ó fi ọ̀pá ti ara ẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi jókòó, ẹsẹ̀ tó kán yẹn nà síwájú. Ó wò wọ́n. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ti ṣa ẹ̀wà mi tán.

"Èwo ni èmi?"

Mo ní, "Ẹ wò wọ́n dáadáa."

Ó na ọwọ́, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ojú ẹ̀ ń lọ sí ọ̀kan, ó ń lọ sí èkejì. Ẹni tí àpá wà lójú ẹ̀ ń wo ẹni tí àpá wà lójú ẹ̀, kò rí i. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Ìdòwú, jọ̀ọ́. Èwo ni èmi?"

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo fẹ́ sọ fún un. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ fún un, ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín mi. Mo wá rí ìyá mi létí tábìlì yẹn, tó ń gbọn gàrí kúrò lójú ọmọ ẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Alàájì," mo wí. "Ìlú kan la ti wá ni."

Ó dìde. Ó pẹ́ kó tó dìde. Mo ń gbọ́ ọ̀pá ẹ̀ lọ́nà títí dé ẹ̀hìn mọ́sálásí.

Kò dùn mọ́ mi. Ẹ má rò pé ó dùn mọ́ mi. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo bù ú sí abọ́ méjì, mo gbé ọ̀kan síwájú Kẹ́hìndé. Mo di ti Táyé mú lọ́wọ́, mò ń wo ẹnu ilẹ̀kùn, títí ẹ̀wà náà fi tutù.